Ihò Àpáta Cheddar: Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò?

Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, ìbéèrè kan máa ń dààmú ọ̀pọ̀ òbí wa ní Ìlú Ọba: ibo ni kí a mú àwọn ọmọ yìí lọ? Tẹlifíṣàn ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọ ń bá ara wọn jà, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan a lọ sí etí òkun, àwọn mìíràn a lọ wo ẹranko. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kí gbogbo ìdílé Yorùbá tó ń gbé níhìn-ín lọ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn ọmọ wa sọ. Gough's Cave ni wọ́n ń pe ihò àpáta náà, ní ìlú kékeré Cheddar, ní àgbègbè Somerset. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ má pa ìwé yìí dé. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, ẹ óò sì rí i kí a tó parí.

ÀPÁTA TÓ GA JU COCOA HOUSE LỌ

Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Cheddar lé ní 200 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ìlú náà mọ́. Ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti pa ọ̀nà irin ibẹ̀ tì. Mọ́tò ni èmi, bàbá àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbé lọ. A gba ọ̀nà M4 títí a fi dé tòsí Bristol, a yà sí M5, lẹ́yìn náà a bọ́ sí ọ̀nà kékeré tó gba àárín pápá màlúù kọjá. A ti di ìrẹsì àti ẹran díńdín dání láti ilé, nítorí pé oúnjẹ ojú ọ̀nà a máa gbówó lórí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò rí kì í ṣe ihò náà. Àfonífojì ni. Títì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ́ bí ejò, ògiri àpáta sì dúró gbọnin lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Níbi tó ga jù, gíga ògiri náà tó 137 mítà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, 105 mítà ni gíga tirẹ̀. Bí a bá gbé Cocoa House kalẹ̀ sínú àfonífojì yìí, àpáta náà yóò ṣì máa wò ó láti òkè. Àwọn ewúrẹ́ ń jẹko lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀, níbi tí ènìyàn ń rò pé ẹyẹ nìkan ló lè bà sí. Àtẹ̀gùn kan tún wà níbẹ̀ tó gun òkè lọ láti ìsàlẹ̀. Àkàbà Jákọ́bù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, 274 sì ni ìgbésẹ̀ rẹ̀.

Òkúta ẹfun ni gbogbo àpáta náà, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta ẹfun le lójú, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá kan, omi òjò sì ni ọ̀tá náà. Bí omi òjò bá ti gba inú afẹ́fẹ́ àti inú ilẹ̀ kọjá, ó máa ń kan díẹ̀. Omi kíkan yìí ni ó ń yọ́ òkúta náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ojú pàlàpálá yóò fi di ihò, tí ihò yóò sì di gbọ̀ngàn. Ní àwọn ìgbà tí otútù líle bo ilẹ̀ Yúróòpù, ilẹ̀ dì gbagidi, omi kò rí ibi wọ̀ sí. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, orí ilẹ̀ ni omi ń gbà, ó sì ń gbẹ́ àfonífojì náà bí ẹni ń fi àdá ya igi. Nígbà tí ooru padà, omi tún wọlẹ̀ lọ. Títí di òní, odò kan ń ṣàn nínú òkùnkùn lábẹ́ ibẹ̀, ó sì ń yọ síta ní ìsàlẹ̀ àfonífojì náà.

INÚ IHÒ NÁÀ

Ọ̀gbẹ́ni Richard Gough ni ó gbẹ́ ihò náà jáde. Ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan, George Cox, ti rí ihò mìíràn nítòsí ibẹ̀ ní ọdún 1837, àwọn ènìyàn sì ń san owó láti wò ó. Gough náà wá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kó ẹrẹ̀ àti òkúta jáde, títí ó fi dé àwọn gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní ẹ̀yìn ní ọdún 1898. Ní ọdún 1899, wọ́n fa iná mànàmáná sí i. Ní ọdún 1902, Gough kú. Ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn, nítorí pé ohun tó sọ ihò náà di olókìkí káàkiri ayé, òun kò fojú rí i.

Bí ẹ bá wọlé, otútù ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Bí oòrùn ń mú níta, bí yìnyín ń bọ́, nǹkan bí 11 ni òǹwọ̀n ooru inú rẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé ìparí ọdún. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan yóò kàn yín. Wàràkàṣì ni. Láti Cheddar ni wàràkàṣì tí gbogbo ayé mọ̀ ní orúkọ yẹn ti wá, wọ́n sì ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ihò yìí kí ó lè gbó dáadáa, nítorí pé otútù ibẹ̀ kì í yí padà. Ọmọ wa obìnrin tó kéré jù fi ọwọ́ bo imú títí a fi kọjá.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tí a gbé sétí láti máa gbọ́ àlàyé. Apá kan nìkan ni gbogbo ènìyàn lè wọ̀, ṣùgbọ́n ihò náà gùn ju 3 kìlómítà lọ. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ omi, àwọn òmùwẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Omi ń kán láti àjà, to, to, to. Ìkán omi kọ̀ọ̀kan ń fi òkúta tó yọ́ sínú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ náà ń lé díẹ̀ lórí, títí yóò fi di òkúta ṣóńṣó tó so rọ̀ láti òkè bí idà, tàbí èyí tó hù láti ilẹ̀ bí ikán ṣe ń mọ ògán. Àwọ̀ wọn pupa, ó funfun, ó rí bí omi tó dúró lójú kan. Wọ́n ti fún àwọn gbọ̀ngàn àti òkúta wọ̀nyí ní orúkọ. Wọ́n pe ọ̀kan ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́, wọ́n pe òmíràn ní Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì. Ọkọ mi dúró níwájú Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìkán omi kan ṣoṣo lè kọ́ ilé báyìí, kò sí ẹni tó yẹ kó sọ pé iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí òun ń ṣe kò jámọ́ nǹkan.

ỌKÙNRIN TÍ WỌ́N BÁ LÁBẸ́ ILẸ̀

Ní ọdún 1903, ọdún kan lẹ́yìn ikú Gough, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ gọ́tà nítòsí ẹnu ihò náà kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan egungun ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Egungun odindi ọkùnrin kan ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọkùnrin Cheddar. Nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn ni ó gbé ayé, òun sì ni ẹni àtijọ́ jù lọ tí wọ́n tíì rí egungun rẹ̀ ní pípé ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ó ga tó nǹkan bí mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 66. Ó ṣì wà lọ́mọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ nígbà tó kú. Egungun rẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀dà rẹ̀ ni àwọn àlejò ń rí ní Cheddar.

Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò béèrè bí wọ́n ṣe mọ iye ọdún náà. Kí òbí má ṣe sá fún ìbéèrè yìí. Ohun gbogbo tó bá ń mí, tàbí tó ń hù, máa ń gba irú èédú kan sínú ara láti inú afẹ́fẹ́ àti láti inú oúnjẹ. Bí ó bá kú, kò gba tuntun mọ́, èyí tó wà nínú egungun rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Bí 5,730 ọdún bá kọjá, ìdajì yóò ti lọ. Bí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá tún kọjá, ìdajì èyí tó kù yóò lọ. Àwọn onímọ̀ a wọn èyí tó ṣẹ́kù, wọn a sì ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn, bí ìyàwó ilé ṣe ń wo epo tó kù nínú ìgò kí ó tó mọ ìgbà tí wọ́n rà á.

Ọkùnrin Cheddar kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé inú ihò yìí. Àwọn ọdẹ kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí 14,700 ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin igbó àti àgbọ̀nrín ni wọ́n ń lé kiri. Apá yìí nínú ìtàn náà le, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mú ọmọ kékeré lọ. Wọ́n rí egungun ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú ti ẹran, ojú ọ̀bẹ òkúta sì wà lára wọn. Ojú eyín ènìyàn wà lára àwọn kan. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ Natural History Museum tẹ ìwádìí jáde pé wọ́n ti fara balẹ̀ gbẹ́ agbárí mẹ́ta di ohun tó rí bí ago. Agbárí ọmọ kékeré tó jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́ta wà nínú wọn. Ní ọdún 2017, wọ́n tún sọ nípa egungun apá kan tí wọ́n fín lára bí ẹni fín igbá, kí wọ́n tó fọ́ ọ láti jẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Kò jọ pé ebi nìkan ló fà á, nítorí pé egungun ẹran pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó jọ ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú wọn nìyẹn.

Ara ọmọ wa àgbà bù ú nígbà tó gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé òwe Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilẹ̀ yòówù tó bá ti pẹ́ láyé ní àkísà tirẹ̀ tó pa mọ́. Kò sí ìran kan lábẹ́ ọ̀run tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ kò ṣe ohun tí ojú ń tì wọ́n láti sọ.

OHUN TÍ EGUNGUN NÁÀ SỌ NÍPA ÀWỌ̀

Ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ Ọkùnrin Cheddar gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. Àwọn onímọ̀ ti lu ihò tín-ín-rín sí egungun tó wà nínú etí rẹ̀, wọ́n sì gba ìyẹ̀fun díẹ̀ níbẹ̀. Láti inú ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ti ka ohun tí wọ́n ń pè ní DNA, ìyẹn àwọn àmì tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kà á, ó ṣeé ṣe jù lọ pé dúdú ni àwọ̀ ara ọkùnrin náà, tàbí kí ó súnmọ́ dúdú gan-an. Irun rẹ̀ dúdú, ó sì lọ́. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ kò dúdú, aláwọ̀ búlúù tàbí ewé ni. Wọ́n tún rí i pé bí ó ti dàgbà, wàrà kì í dà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó: ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ ìlú wàràkàṣì pè, wàrà kò bá a lára mu! Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wàrà tútù máa ń da inú rú mọ bó ṣe rí.

Nígbà tí a dé iwájú ẹ̀dà egungun náà, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, dúró pẹ́. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ọmọ kan ní ilé-ìwé rẹ̀ ti sọ fún un pé kó padà sí ibi tó ti wá. Ìlú Ọba ni a bí i sí. Kò mọ ibi tí wọ́n ní kó padà sí. Ó ti sọ ọ́ fún wa nílé, a ti tù ú nínú, a rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, bó bá jẹ́ pé èèyàn dúdú ló kọ́kọ́ wà níbí, ṣé àwa la ni ilẹ̀ yìí nìyẹn?"

Ìbéèrè yẹn dùn létí. Ó sì yẹ kí a fi òótọ́ dá ọmọ lóhùn, nítorí pé irọ́ tó dùn kò lè gbé ọmọ ró. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé rárá o. Ọkùnrin Cheddar kì í ṣe Yorùbá. Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọdún kí wọ́n tó bí i. Kò sí ẹni tó lè fi àwọ̀ rẹ̀ gba ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí egungun náà sọ tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro: ẹni tó bá ń sọ pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ni ilẹ̀ yìí ti jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan, kò tíì wọ inú ihò Cheddar.

GBOGBO WỌN LÓ WÁ LÁTI IBÒMÍRÀN

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọdẹ tó fi agbárí ṣe ago wá nígbà tí yìnyín ń yọ́. Lẹ́yìn wọn, otútù líle tún padà, àwọn ènìyàn sì pòórá ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ooru tún dé ni àwọn ènìyàn Ọkùnrin Cheddar wọlé, DNA wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn ọdẹ ìṣáájú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, nítorí pé nígbà náà Bìrìtéènì kò tíì jẹ́ erékùṣù. Nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn ni òkun tó gé e kúrò lára Yúróòpù. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú ọkà àti ẹran ọ̀sìn. Ìran wọn ti apá ibi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí wá, àwọ̀ ara wọn sì pupa ju ti àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 4,400 ọdún sẹ́yìn, àwọn mìíràn tún dé láti Yúróòpù. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìran tó wà ní ilẹ̀ náà ti di tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Róòmù wá. Ọ̀kan nínú àwọn olú-ọba Róòmù, Septimius Severus, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíà lónìí ni. Ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kú sí ní ọdún 211. Lẹ́yìn Róòmù ni àwọn Angle àti Saxon fi ọkọ̀ gba òkun wá láti apá Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì. Lára orúkọ àwọn Angle, àwọn àlejò wọ̀nyí, ni England ti gba orúkọ rẹ̀. Àwọn Viking tẹ̀ lé wọn, àwọn Norman sì gba ìjọba ní ọdún 1066. Bí ènìyàn bá ní kí gbogbo ẹni tó wá láti ibòmíràn padà, ta ni yóò kù láti ti ilẹ̀kùn?

Síbẹ̀, ẹni tó ti lọ kì í lọ tán. Ní ọdún 1997, wọ́n mú DNA láti inú eyín Ọkùnrin Cheddar, wọ́n sì fi wé ti àwọn ará ìlú náà. Wọ́n rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílùú yẹn gan-an, tí àmì tó jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bá ti ọkùnrin náà mu. Ìran ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Aláwọ̀ funfun ni olùkọ́ náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń po ènìyàn pọ̀ nìyẹn.

Níbi tí a jókòó sí láti jẹ ìrẹsì wa, bàbá àwọn ọmọ rán wọn létí ìtàn ihò àpáta mìíràn tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù kò ní ilẹ̀ tí yóò sin ín sí. Ó tọ àwọn ọmọ Hétì lọ, ó sọ fún wọn pé àlejò ni òun jẹ́ láàrin wọn, ó sì ra ihò Mákípélà ní 400 ṣékélì fàdákà. Ojú kò tì í láti pe ara rẹ̀ ní àlejò. Kò jí ilẹ̀, kò sì fi tipátipá gbà á. Ó tẹrí ba, ó sanwó, ó sin aya rẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Bàbá wọn ní, "Bí wọ́n bá tún pè ọ́ ní àlejò, má sunkún. Òótọ́ ni. Àlejò ni ọmọ tó pè ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, kò kàn tíì sí ẹni tó sọ fún un ni."

IHÒ ELÉÉRÚ: Ọ̀RỌ̀ KÀN WÁ NÍLÉ

Ẹ̀yin ará wa nílé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ihò àpáta tirẹ̀. Nítòsí Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, abẹ́ àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta tí ènìyàn gbẹ́ ṣe irinṣẹ́, tàbí èyí tó fọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n kó jáde lé ní 500,000. Wọ́n tún rí egungun ẹnì kan tó ti kú láti ohun tó lé ní 11,000 ọdún. Ní ọdún 2011 kan náà tí ìwádìí àwọn agbárí Cheddar jáde, ìwádìí mìíràn jáde lórí agbárí Ihò Eléérú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris Stringer wà nínú àwọn tó ṣe méjèèjì, ọ̀mọ̀wé Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà nínú ti Ihò Eléérú. Wọ́n ní agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé tipẹ́ ju ìgbà tirẹ̀ lọ.

Kí ni èyí ń sọ fún wa? Ó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, àwọn ènìyàn ti ń dáná nínú igbó wa, tí eérú wọn fi kún ilẹ̀. Ìtàn wa pàápàá kò fi pa mọ́: nígbà tí Odùduwà dé Ifẹ̀, ó bá àwọn kan nílẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá dùn wá nígbà tí wọ́n sọ fún ọmọ wa ní Ìlú Ọba pé kó padà sí ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ara wa nílé. Ta ni àwa ń pè ní àtọ̀húnrìnwá? Ọmọ ìlú kejì tó ti gbé àdúgbò wa fún 30 ọdún, tó sanwó ilẹ̀, tó bímọ síbẹ̀, ṣé a kò ń rán an létí nígbà gbogbo pé kì í ṣe ọmọ ìlú? Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ opó tó ń kọ́ ilé oníyàrá méjì, ta ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbà á? Ọ̀rọ̀ tó bá ta ọmọ wa lójú ní òkèèrè, kò yẹ kí a fi ta ọmọ ẹlòmíràn lójú nílé. Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Kò sí ẹni tó ń sùn sọ́jà.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ mú súwẹ́tà dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń mú. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Bàtà gogoro ọjọ́ ìsinmi kò dára níbẹ̀. Àtẹ̀gùn wà nínú ihò náà, nítorí náà ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀ kó tó lọ. Ẹ béèrè owó ìwọlé àti àkókò ṣíṣí ṣáájú, nítorí pé wọ́n máa ń yí i padà. Àdán ń gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ òkúta lù wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn òkúta ṣóńṣó náà, nítorí pé òógùn ọwọ́ kan lè ba ohun tí omi ti ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́. Bí ẹ kò bá sì lè lọ sí Cheddar, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù; ọ̀fẹ́ ni ìwọlé gbogbogbòò ibẹ̀.

Ní pàtàkì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn, kí ẹ sì fi òótọ́ dá wọn lóhùn. Ọmọ tó bá mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ kò ní tẹrí ba fún ẹni tó ń lé e, kò sì ní lé ẹlòmíràn nígbà tí ó bá di onílé. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wa ọkùnrin sọ fún wa pé òun fẹ́ kọ ìtàn Ọkùnrin Cheddar fún kíláàsì òun. Ó kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́rin ni.